Ọfà Tí Kì Í Padà Sápó

Ọdẹ tí ó gbé ìbọn ṣakabùlà wọ igbó mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun lè yìn ín kí ẹran tó sá lọ. Bí ó bá yìn ín tán, ó di dandan kí ó tún rọ ẹ̀tù, kí ó ki àkísà, kí ó ki ọta, kí ó sì fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀. Kí ó tó ṣe gbogbo èyí tán, etu ti dé ẹ̀yìn odò. Ìdí nìyí tí ògbójú ọdẹ kì í yìnbọn lu ewé tí afẹ́fẹ́ ń mì. Yóò kọ́kọ́ fetí sílẹ̀, yóò wo ojú ẹsẹ̀ ẹran nílẹ̀, yóò mọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ìka rẹ̀ tó kan ibi tí a ń fà. Ọdẹ ní ojú, ó ní etí, ó sì ní ọpọlọ tí ó fi ń ro gbogbo rẹ̀ papọ̀.

Ọdẹ mìíràn wà nínú omi tí kò ní ojú, tí kò ní etí, tí kò sì ní ọpọlọ rárá. Ìbọn ara rẹ̀ tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ṣe é yìn ju ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ láyé. Ọgbọ́n tí ó ń dá tí kì í fi í yìn wọ́n dànù ni àwọn onímọ̀ ti ń wá ìdí rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, kò sì tíì pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n rí gbòǹgbò rẹ̀ mú.

Anẹ́mónì òkun ni à ń wí. Orúkọ òdòdó kan ni àwọn òyìnbó fi pè é, nítorí pé òdòdó ni ó jọ lójú ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n. Ìdí rẹ̀ lẹ̀ mọ́ òkúta tàbí kí ó rì sínú ẹrẹ̀, ara rẹ̀ nà ró, orí rẹ̀ sì kún fún ọwọ́ wẹ́wẹ́ tí ń jó nínú omi. Ẹnu rẹ̀ wà láàárín àwọn ọwọ́ náà. Ẹranko ni, kì í ṣe ewéko, ẹran ni ó sì ń jẹ: edé, ẹja wẹ́wẹ́, àti àwọn kòkòrò omi tí orí bá gbé kàn án. Òun àti iyùn tí ń hù nínú òkun, pẹ̀lú jellyfish tí ń léfòó lójú omi, ìdílé kan náà ni wọ́n ti wá. Cnidaria ni àwọn onímọ̀ ń pe ìdílé ọ̀hún, láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì kan tí ó dúró fún irú ewé tí Yorùbá ń pè ní èsìsì. Ẹni tí èsìsì bá ti jó rí nínú oko kò nílò kí ẹnikẹ́ni túmọ̀ ìyẹn fún un.

Nínú awọ àwọn ọwọ́ wẹ́wẹ́ yẹn ni àwọn sẹ́ẹ̀lì olóró wà. Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan gbé àdó kékeré kan pamọ́ sínú, àdó tí ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Okùn kan wà nínú àdó náà, tí a ká jọ bí ẹni ká okùn ìgbá ọ̀pẹ sínú agbọ̀n. Okùn oníhò ni, ó ní ẹ̀gún lára, oró sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tọ́jú rẹ̀ sínú àdó ni ó yani lẹ́nu. Bí apá agbádá tí ó ká wọnú nígbà tí a bọ́ aṣọ náà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni okùn yìí rí: ara tí ó yẹ kí ó kọjú síta ni ó kọjú sínú. Nítorí náà, nígbà tí ó bá ń jáde, kì í kàn fò lọ bí ọta. Ó ń yí inú rẹ̀ síta bí ó ti ń lọ ni, ẹ̀gún tí ó fara pamọ́ sínú a sì máa hàn síta níkọ̀ọ̀kan. Nínú Hydra, ìbátan anẹ́mónì tí ń gbé inú omi dídùn, àwọn onímọ̀ ti rí i pé ẹ̀yìn àdó ni sẹ́ẹ̀lì náà ti kọ́kọ́ ń hun okùn ọ̀hún gùn, kí ó tó wá tì í wọnú. Ẹni tí ó bá ti gbìyànjú láti yí apá aṣọ gígùn padà sínú láìfi ọwọ́ kàn án ni yóò mọ iṣẹ́ tí ó wà níbẹ̀.

Kí ni ó wá ń tì í jáde? Omi ni. Èròjà kan tí ń jẹ́ poly-gamma-glutamate kún inú àdó náà fọ́fọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa di àwọn èròjà bí iyọ̀ mú sọ́dọ̀. Ibi tí irú wọn bá pọ̀ sí ni omi ń sáré lọ. Ẹni tí ó bá ti bu iyọ̀ lé ìgbín lára rí ti fojú ara rẹ̀ rí bí iyọ̀ ṣe ń fa omi. Weber, onímọ̀ tí ó ṣàwárí èròjà yìí nínú àdó Hydra, ṣírò rẹ̀ pé ipá tí ń ti ògiri àdó náà láti inú tó 150 bar, èyí tí ó súnmọ́ ìlọ́po 70 afẹ́fẹ́ tí àwọn tí ń lẹ táyà ń fẹ́ sínú táyà mọ́tò. Ohun tí kò jẹ́ kí àdó fọ́ ni ògiri rẹ̀, tí a fi ìbátan kọ́lájìn mọ, kọ́lájìn kan náà tí ó so awọ àti egungun ọmọ ènìyàn ró. Bẹ́ẹ̀ ni ọfà náà ṣe ń gbé, ní fífà tán, ní dídè tán, láti ọjọ́ tí wọ́n ti parí rẹ̀ títí di ọjọ́ tí nǹkan yóò fi ṣí ìdérí rẹ̀.

Nígbà tí ìdérí bá ṣí, ohun tí ó ṣẹlẹ̀ yá ju ohun tí ojú lè tẹ̀ lé. Ní ọdún 1984, Thomas Holstein àti Pierre Tardent fi kámẹ́rà tí ń ya àwòrán 40,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣọ́ Hydra, síbẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ìjáde ọfà náà yá ju kámẹ́rà ọ̀hún lọ. Holstein kò jáwọ́. Ní ọdún 2006, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Jámánì padà wá pẹ̀lú kámẹ́rà tí ń ya 1,430,000 àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbà yìí ni wọ́n tó rí i mú. Bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, 700 péré nínú rẹ̀ lè tó fún ọfà náà láti jáde. Kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, irú èyí ìbá ti ṣẹlẹ̀ tẹ̀ léra wọn ju ìgbà 100,000 lọ. Bí eré rẹ̀ ṣe ń le sí i ju ìlọ́po 5,000,000 lọ lórí ti òkúta tí ó bọ́ lọ́wọ́ ẹni tí ń já bọ̀ wá sílẹ̀. Ọfà ọ̀hún fúyẹ́ ju ohunkóhun tí ènìyàn lè wọ̀n lórí òṣùwọ̀n ọjà, ṣùgbọ́n nítorí eré yìí, ipá tí ṣóńṣó rẹ̀ fi ń lu ibi kékeré tí ó bà wà ní ìpele ti ọta ìbọn, ó sì ń dá èèpo líle ara kòkòrò omi lu. Ẹranko tí ó sì ń ṣe gbogbo èyí, kò ní egungun kan ṣoṣo lára.

Ti anẹ́mónì fúnra rẹ̀ ni Ahmet Karabulut, Matthew Gibson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yẹ̀ wò ní Stowers Institute, ní ìlú Kansas City, ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ọdún 2022 ni wọ́n tẹ ohun tí wọ́n rí jáde. Nematostella vectensis ni anẹ́mónì tí wọ́n lò, ẹ̀dá kékeré kan tí ń rì ara rẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níbi tí omi iyọ̀ ti ń pàdé omi dídùn. Wọ́n rí i pé ọfà rẹ̀ kì í jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Apá iwájú rẹ̀ le, ó rí bí ọ̀kọ̀, fọ́nrán mẹ́ta sì ni wọ́n lọ́ pọ̀ tí wọ́n fún mọ́ra bí sípíríǹgì. Ọ̀kọ̀ yìí ni ó ń kọ́kọ́ bẹ́ jáde ní fífún, tí yóò gún ẹran náà. Lẹ́yìn náà ni fọ́nrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò tú, tí ọ̀kọ̀ yóò yí inú rẹ̀ síta, tí yóò sì di ọ̀nà. Inú ọ̀nà yìí ni okùn rírọ̀ tí ó gùn yóò wá gbà kọjá, tí òun náà yóò máa yí ara rẹ̀ síta bí ó ti ń lọ, tí yóò sì gbé oró dé inú ẹran. Ẹran ti gbọgbẹ́ kí oró tó dé rárá.

Agbára yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ròyìn bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ anẹ́mónì. Ṣùgbọ́n agbára kọ́ ni ìṣòro tó le jù fún un. Àdó tí ó bá ti yìn kò ní àtúnṣe. Ara yóò sọ ọ́ nù, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn láti ìpilẹ̀. Omi òkun kì í sì í dúró jẹ́ẹ́. Ní gbogbo ìgbà ni iyanrìn ń ta bá ọwọ́ anẹ́mónì, tí koríko omi ń fọwọ́ rá a, tí ìgbì ń gbá a. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo ohun tí ó fara kàn án ni ó ń yìnbọn lù, kí ilẹ̀ tó ṣú, apó rẹ̀ á ti ṣófo. Bí ó bá sì jẹ́ pé òórùn ẹja nìkan ni ó ń dúró dè, ẹja tí ń kọjá lọ́ọ̀ọ́kán lásán ni yóò mú kí ó tú gbogbo ọfà rẹ̀ sínú omi.

C. F. A. Pantin, onímọ̀ kan ní Cambridge, ni ó là á yé ayé ní ọdún 1942. Ó rí i pé ìfọwọ́kàn ohun tí ó mọ́ tónítóní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí yìn, àfi bí ó bá le gidigidi. Òórùn oúnjẹ nìkan kò sì yìn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí òórùn oúnjẹ bá ti wà níbẹ̀, ìfọwọ́kàn díẹ̀ ti tó. Ohun méjì ni ó gbọ́dọ̀ pé. Ní ọdún 1989, Glen Watson àti David Hessinger fi tiwọn kún un ní Amẹ́ríkà: nígbà tí àwọn ṣúgà kan tí ń ti ara ẹran jáde bá kan anẹ́mónì, irun wẹ́wẹ́ tí ó fi ń mọ ìgbọ̀nrìrì omi a yí padà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fetí sí irú ìgbọ̀nrìrì tí ẹran kékeré tí ń wẹ̀ máa ń dá sílẹ̀. Bí ọdẹ tí ó gbóòórùn ẹran tí ó sì tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa ni.

Ohun tí ó kù ni bí sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ṣe ń ka ohun méjì papọ̀ láìsí ọpọlọ tí yóò ṣe ìṣírò náà. Nicholas Bellono àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní Harvard ni wọ́n rí èyí ní ọdún 2020, lára Nematostella kan náà. Ara sẹ́ẹ̀lì olóró ní ilẹ̀kùn tí kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Bí kálísíọ̀mù bá wọlé, ọfà yóò jáde, bí kò bá wọlé, kò sí ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ wà lára ẹranko púpọ̀, títí kan ènìyàn, iná mànàmáná kékeré tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì ni ó sì ń ṣí i. Ti àwọn yòókù sábà máa ń wà ní pípadé lásán nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ń sinmi, kí ó lè ṣí nígbàkúùgbà tí wọ́n bá tì í. Ti Nematostella kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsinmi, ńṣe ni wọ́n fi irin dábùú rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Iyanrìn lè kan án, ìgbì lè gbá a, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Nígbà tí òórùn ẹran bá dé, iṣan ìmọ̀lára tí ó wà nítòsí a ránṣẹ́ sí sẹ́ẹ̀lì náà, iṣẹ́ yìí a sì mú kí iná inú rẹ̀ túbọ̀ lọ sílẹ̀. Èyí dà bí ohun tí yóò mú sẹ́ẹ̀lì sùn, àṣé òun gan-an ni ó ń yọ irin ìdábùú náà. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní pípadé, ṣùgbọ́n kò tì mọ́. Bí ẹran náà bá wá fara kàn án báyìí, ilẹ̀kùn a ṣí gbàgà, kálísíọ̀mù a ya wọlé, ọfà a sì jáde. Kò sí ọ̀gá kankan níbìkan tí ń pàṣẹ. Inú ilẹ̀kùn yẹn gan-an ni ìṣọ́ra náà wà.

Ilé iṣẹ́ ìwádìí kan náà tún rí i ní ọdún 2023 pé ebi wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nematostella tí ó yó kì í fi bẹ́ẹ̀ ta. Èyí tí ebi ń pa ni ó ń ta púpọ̀. Ṣùgbọ́n anẹ́mónì mìíràn tí ń jẹ́ Exaiptasia, tí ó ní ewé omi wẹ́wẹ́ nínú ara tí ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún un, kò bìkítà bóyá ó yó tàbí kò yó. Nítorí pé ẹran pípa kọ́ ni ó gbójú lé, ààbò ni ó ń fi ọfà tirẹ̀ ṣe, ọ̀tá kì í sì í dúró de ìgbà tí ebi bá ń pa ni.

Àwọn kan ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá olófà gbé. Ẹja clownfish ń sùn láàárín ọwọ́ anẹ́mónì ńláńlá nínú òkun Íńdíà àti ti Pàsífíìkì. Ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2025 fi hàn pé èròjà kan tí ń jẹ́ sialic acid, tí ó pọ̀ nínú ọ̀rá yíyọ̀ ara ẹja mìíràn, kéré gan-an nínú tirẹ̀, àti pé bí ọmọ ẹja náà ti ń dàgbà ni ó ń dín kù. Ti ìgbín òkun kan tí kò ní ìkarahun ni ó burú jù. Ńṣe ni òun ń jẹ anẹ́mónì, tí ó sì ń kó àwọn àdó tí kò tíì yìn pamọ́ sínú àwọn ìwo wẹ́wẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tí ó wá ń fi wọ́n gbèjà ara rẹ̀. Ó jẹ ọdẹ tán, ó tún kó ìbọn rẹ̀.

Yorùbá a máa ní ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni èsìsì ń jó ni, nítorí ẹni tí ó jó lónìí kò ní lọ síbẹ̀ mọ́ lọ́la. Ajá kan tí ń jẹ́ Neptune fi ẹ̀mí rẹ̀ fi ìtumọ̀ mìíràn kún òwe yìí. Ní ọdún 1901, àwọn onímọ̀ ará Faransé méjì, Charles Richet àti Paul Portier, bá ọmọọba Albert Kìíní ti Monaco wọ ọkọ̀ òkun rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìwádìí oró Physalia, ìbátan anẹ́mónì tí ń léfòó lójú omi. Nígbà tí wọ́n padà dé Paris tí kò sí Physalia mọ́, oró anẹ́mónì ni wọ́n lò dípò rẹ̀. Èrò wọn ni pé bí wọ́n bá fún ajá ní oró díẹ̀, ara rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n, yóò sì lè kojú rẹ̀ nígbà mìíràn. Neptune jẹ́ ajá alágbára, oró àkọ́kọ́ kò ṣe é ní nǹkan kan. Lẹ́yìn ọjọ́ 22, nígbà tí ara rẹ̀ le koko, wọ́n tún fún un ní ìwọ̀n kan náà. Láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀, èémí ti ń dí i, ó ṣubú, ó ń bì, nígbà tí yóò sì fi di ìṣẹ́jú 25, ó ti kú. Ara rẹ̀ mọ oró náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ọ̀hún ni ó pa á. Richet sọ ohun tí ó rí yìí ní anaphylaxis, ẹ̀bùn Nobel sì tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ní ọdún 1913. Láti ibẹ̀ ni àwọn dókítà ti mọ ohun tí ń pa ẹni tí oyin ta lẹ́ẹ̀kejì, tàbí ẹni tí abẹ́rẹ́ penisílì bá lára jà. Ọ̀rọ̀ ajá náà kò dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀mí tí ó ti ipasẹ̀ rẹ̀ là kò lóǹkà.

Ẹni tí ó bá ń lọ sétí òkun ní ohun kan láti mú nínú gbogbo èyí. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ipá inú àdó ni ó ń yin ọfà, ẹranko náà kò nílò láti wà láàyè. Jellyfish tí ìgbì gbé jù sórí iyanrìn, tàbí ọwọ́ anẹ́mónì tí ó já tí ó sì lẹ̀ mọ́ni lára, ṣì ní àìmọye ọfà tí kò tíì jáde. Bí ènìyàn bá fi iyanrìn tàbí aṣọ ra á, tàbí tí ó da omi ẹ̀rọ sí i, ńṣe ni yóò máa yin èyí tí ó kù. Omi òkun ni kí ó fi ṣàn án, kí ó sì fi ohun tí kì í ṣe ìka ọwọ́ lásán yọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ọtí kíkan tí àwọn ará Ọsirélíà fi ń dá ọfà jellyfish olójúmẹ́rin wọn dúró a máa yin ti àwọn ìbátan rẹ̀ mìíràn, nítorí náà kì í ṣe oògùn gbogbogbòò. Bí ojú tàbí ètè bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí èémí ń ṣòro, pàápàá lára ẹni tí irú rẹ̀ ti ta rí, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ìṣẹ́jú 25 ni Neptune rí lò.